Kì Í Ṣe Ojúkòkòrò Ló Kó Wọn Sí I

Bí wọ́n bá ti ní wọ́n fi fóònù lu ẹnì kan ní jìbìtì ládùúgbò, ẹjọ́ náà kì í pẹ́ dá. Wọ́n pè é, wọ́n ní owó ìrànwọ́ kan ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ka nọ́ńbà káàdì rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì kó owó inú báńkì rẹ̀ lọ ráúráú. Ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó bá gbọ́ máa ń sọ: "Ojúkòkòrò ló kó o sí i. Ta ló ní kó máa wá owó tí kò ṣiṣẹ́ fún?" Atọ́kùn ètò orí rédíò á sọ ọ́. Pásítọ̀ á fi ṣe ìwàásù, ààfáà á fi ṣe wáàsí. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kò sí nǹkan ọ̀fẹ́, ní Fríìtáọ̀n pàápàá. Àwọn àgbà á ní ọ̀kánjúwà baba àrùn. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n jà lólè á gbé ìtìjú lọ sílé, olè tó jà á á sì tún tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Mo lòdì sí ẹjọ́ yìí pátápátá. Irọ́ ni nípa bí àwọn gbájúẹ̀ orí fóònù ṣe ń ṣiṣẹ́, irọ́ sì ni nípa irú èèyàn tí wọ́n ń rí mú. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń ran olè lọ́wọ́. Ó ń pa ẹni tó yẹ kó ké gbàjarè lẹ́nu mọ́, ó sì ń fi ọkàn àwa yòókù balẹ̀ lórí asán, pé níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti ní ojúkòkòrò, kò sí ẹni tó lè rí wa mú.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó ọ̀fẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́ àwọn èèyàn wa pé owó lè ti orí fóònù wọlé tọ̀ wọ́n wá? Ìjọba ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò TraderMoni, wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ₦10,000. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn rìn wọ inú ọjà, wọ́n gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, owó sì ti ipasẹ̀ fóònù wọlé fún ẹni tí kò tíì kọ fọ́ọ̀mù báńkì rí. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, ètò Survival Fund fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ₦30,000. Ẹ̀bùn pọ́nńbélé ni, ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dá a padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023. Lítà epo tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500, kí oṣù méjì sì tó pé, ó ti kọjá ₦600. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba kéde ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn pé ìdílé mílíọ̀nù 15 yóò gba ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n tún kéde ₦50,000 fún àwọn tí òwò wọn kéré jọjọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á mú NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì) rẹ̀ wá.

Gbájúẹ̀ tó wá pe ìyá aláta tàbí bàbá télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tó ní owó ìrànwọ́ ìjọba ti dé, kí wọ́n ka NIN wọn, kò pa ìtàn àjèjì kankan fún wọn. Ohun tí rédíò sọ láàárọ̀ ló tún sọ lọ́sàn-án. Ẹni tí wọ́n ti sọ ọkọ̀ wíwọ̀ àti oúnjẹ di ọ̀wọ́n fún, tí ìjọba wá ní òun fẹ́ fi ₦25,000 rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sí ojúkòkòrò kankan nínú pé ó ń retí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń retí. Kí á tún rántí pé ní ọdún 2012, iléeṣẹ́ MTN polówó ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún oníbàárà tó bá jẹ nínú ìdíje wọn, ẹnì kan sì jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti lè fi síìmù jẹ ọkọ̀ òfuurufú, lórí kí ni a ó dúró sí tí a ó fi pe ẹni tó gbà gbọ́ pé òun jẹ ₦50,000 ní òmùgọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú ìpè yìí kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ẹ̀bùn rárá. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó pè á ní láti CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, lòun ti ń pè, pé BVN yín ti níṣòro, pé wọ́n máa ti àkáǹtì yín pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba ló la ọ̀nà fún èyí náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, pàṣẹ pé nọ́ńbà fóònù tí ẹni tó ni ín kò bá so mọ́ NIN láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gé e. Àrùn ń jà lọ́wọ́, síbẹ̀ èrò ya bo ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, káàkiri. Wọ́n sún gbèdéke náà síwájú léraléra, títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, tí àwọn tí kò tíì so tiwọn pọ̀ jí lọ́jọ́ kan tí wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó kan àkáǹtì: CBN ní èyí tí kò bá ní BVN tàbí NIN, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ni ín yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti rí gbogbo èyí, tí ẹnì kan wá pè pé "Àkáǹtì yín máa kú lónìí," ẹ̀rù á bà á, ó sì yẹ kó bà á.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìwà rere ẹni ni wọ́n fi ń múni. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé tó jọ àlẹ́ẹ̀tì báńkì, pé ₦20,000 ti wọlé. Láìpẹ́, ìpè á tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á máa fi ohùn ẹkún sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, mo ṣèèṣì ni. Owó ilé ìwòsàn ìyàwó mi ni mo fi ránṣẹ́ sí yín." Ọmọlúàbí á dá owó olówó padà. Kò mọ̀ pé kò sí owó tó wọlé, pé ẹnì kan ló tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà látorí fóònù tirẹ̀, owó ara òun lòun sì fi ránṣẹ́. Olójúkòkòrò ì bá jókòó lé e, kò sì ní pàdánù kọ́bọ̀. Bákan náà ni ti àwọn tó ń gba WhatsApp èèyàn. Wọ́n á fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́fà kan tó "ṣèèṣì" wọ orí fóònù rẹ, bí o bá sì ti fi ránṣẹ́, wọ́n á gba WhatsApp rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ. Àwọn tó ń yá wọn ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ jù, tí wọn kì í jẹ́ kí o sọ ìṣòro lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ta ló kòkòrò níbẹ̀?

Mo mọ ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ẹ̀lùbọ́ yìí náà ló sì fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé. Kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí ọjà rẹ̀. Bí alágbàtà kan bá po èyí tí òjò pa mọ́ èyí tó gbẹ, á fi ìka méjì pa á wò, á dá a padà láìjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí, oníbàárà méjì dúró níwájú rẹ̀, kọ́ńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni fóònù oníbọ́tìnnì rẹ̀ dún. Ó fi èjìká há a mọ́ etí.

"Ẹ kú ọjà o, Màámi. Ajé á wọ igbá o." Ohùn ọmọ Ìbàdàn ni, ó mọ́lẹ̀, kò kánjú. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Ó ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún un. Ó ní orúkọ wọn ti jáde nínú àwọn tó máa gba ₦50,000, ṣùgbọ́n NIN àti BVN wọn kò bára mu, pé bí wọn ò bá tún un ṣe kí aago mẹ́rin tó lù, owó náà á padà sí Àbújá. Ìyá ní, "Ọmọ mi, mo ní oníbàárà níwájú." Ó ní, "Mo mọ̀, mà, kò ní pẹ́. Ẹ ṣáà má gbé fóònù sílẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ló ń dà wá láàmú." Ó ní kí wọ́n fa káàdì ATM yọ, kí wọ́n ka nọ́ńbà iwájú rẹ̀. Ó kà á. Ó ní kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n ka mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Ó kà á. "Àtẹ̀jíṣẹ́ kan á wọlé báyìí, mà, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀." Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ó ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì ṣàdúrà fún un. Kí ìyá tó wọn kọ́ńgò tán fún oníbàárà kejì, owó tó fẹ́ fi lọ ra ọjà ní Ṣakí ti jáde nínú àkáǹtì rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn pé kó má ṣe sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni, òṣìṣẹ́ báńkì pàápàá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá yìí mọ nọ́ńbà kà dáadáa, owó ló ń kà látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò ka ìwé dé ibi tí gbólóhùn yẹn wà. Báńkì tó ti ń tọ́jú owó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ ìpínlẹ̀ tó ti wá, ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò sì fi Yorùbá kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Olè ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ owó inú báńkì rẹ̀ ní èdè tó gbọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní olójúkòkòrò ro ibi yìí dáadáa.

Wọ́n fi ìwà tí a fi tọ́ ọ dàgbà mú un pẹ̀lú. Nílẹ̀ wa, a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó kí wa dáadáa, a kì í sì gé fóònù mọ́ ọmọ tó ń pe wá ní Màámi létí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mọ èyí, òun náà ọmọ Yorùbá ni. Ìkíni ló fi ṣílẹ̀kùn. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi wọlé.

Níbo ló ti rí orúkọ bàbá rẹ̀? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, AnyVerify, ń ta NIN, BVN àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn nípa ọmọ Nàìjíríà fún ẹni tó bá ti ní ₦100. NIMC ní ẹnikẹ́ni kò fọ́ ibi tí àwọn ń kó àkọsílẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, nítorí ó túmọ̀ sí pé àwọn tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́jà. ₦100 péré ni wọ́n fi ń ra ọjọ́ ìbí ìyá wa nígbà náà. Ẹni tó bá ti ka àṣírí rẹ fún ọ, tó sì jẹ́ pé ìjọba nìkan lo mọ̀ pé o fún, kí lo fẹ́ gbà á sí bí kò ṣe ẹni tí ìjọba rán?

Mo mọ ohun tí ẹni tó bá ta kò mí máa sọ. Á ní, "Ṣé kò sí olójúkòkòrò nínú wọn rárá ni?" Ó wà. Nígbà tí ètò sogúndogójì MMM ń ṣèlérí èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lọ́kàn ara wọn pé kò sí òwò tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá, wọ́n sì ṣe é títí wọ́n fi dí gbogbo owó tó wà níbẹ̀ pa ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2016. Ẹni tó bá fẹ́ bá ojúkòkòrò wí, kó lọ bá a wí níbẹ̀. Ẹni tó fi owó sínú MMM ló gbé ẹsẹ̀ lọ bá wọn. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò lọ síbì kankan. Ìdí ọjà rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n wá a wá.

Mo sì mọ ibi tí a ti gbé ẹjọ́ yìí wá. Láti ayé àwọn onílẹ́tà 419, nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé sí òkè òkun pé kí onítọ̀hún wá bá àwọn kó owó ìjọba jáde, la ti ń tu ara wa nínú pé olè ló ń gba tọwọ́ olè. Láàárín ọdún 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi orúkọ gómìnà CBN gba mílíọ̀nù 242 dọ́là lọ́wọ́ báńkì Banco Noroeste ní Brazil. Wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú làwọn fẹ́ kọ́ sí Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù 10 dọ́là fún ọ̀gá kan nínú báńkì náà. Ojú ọ̀gá yẹn kòkòrò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n owó tó kó fún wọn kì í ṣe tirẹ̀, àwọn tó ni báńkì náà, tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ni àdánù náà já lé lórí. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ la fi ń dá ara wa láre fún ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe sí àjèjì. Nígbà tí ọwọ́ wọn wá yí padà sílé, tí wọ́n ń já àpò àwọn ìyá tó bí wọn, ẹjọ́ àtijọ́ yẹn náà la tún fà yọ, a gbé e ka àwọn ìyá náà lórí.

Ẹ wo ohun tí ó ń fà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti mọ̀ pé wọ́n ti gbá òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun náà ti bá wọn pe ẹlòmíràn ní olójúkòkòrò rí, ó mọ bí orúkọ náà ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn nínú ọjà. Ó ní ara òun ò yá, kò lọ sí Ṣakí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fura nígbà tí ìsọ̀ ṣófo. Nígbà tí wọ́n fi máa dé báńkì, owó náà ti gba inú àkáǹtì mẹ́ta kọjá, wọ́n sì ti gbà á jáde lọ́wọ́ àwọn oníPOS. Wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé bí àwọn bá ti gbọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn ì bá rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Ìtìjú ló jẹ ọjọ́ tó kù láti fi rí owó náà gbà. Ta ló fi ìtìjú sí i lára? Àwa ni. Gbájúẹ̀ kò san kọ́bọ̀ fún wa lórí iṣẹ́ tí a bá a ṣe yẹn.

Àwọn mìíràn tún wà tí ẹjọ́ yìí ń bá lára mu. Bí ẹ̀bi bá ti jẹ́ ti ẹni tí wọ́n jà lólè, kò sí ẹni tó máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ báńkì, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù, tàbí lọ́wọ́ ìjọba. Ìbéèrè náà sì wà. Láti oṣù kejì ọdún 2014 tí wọ́n ti gbé BVN dé, wọ́n ní yóò jẹ́ kí á mọ ẹni tó ni àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi dandan so síìmù mọ́ NIN, wọ́n ní kò ní sí ọ̀daràn tó lè fi fóònù sá pamọ́ mọ́. A tò lóòrùn, a tẹ ìka, a ya fọ́tò. Nọ́ńbà tó pe ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ó yẹ kó ní NIN lára. Àkáǹtì mẹ́ta tí owó náà gbà kọjá, ó yẹ kí BVN tàbí NIN wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ẹni tó ni wọ́n, tàbí kí wọ́n sọ fún wa pé irọ́ ni wọ́n pa nígbà tí wọ́n ní kí á wá tẹ ìka. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń yá gbájúẹ̀ ní àkáǹtì wọn láti gba ìdá díẹ̀ nínú owó. Orúkọ wọn wà nínú ìwé báńkì. Ẹ̀ẹ̀mélòó la gbọ́ pé wọ́n fi ọwọ́ òfin mú wọn nítorí ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́?

Ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, wọ́n ti gbé ìbéèrè náà síbi tó yẹ. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, bí ẹnì kan bá fi ẹ̀tàn mú oníbàárà báńkì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mìíràn nínú orílẹ̀-èdè yẹn, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà fún un, títí dé £85,000. Báńkì tí owó ti jáde àti báńkì tó gbà á wọlé ló máa san án lábọ̀ọ̀bọ̀. Báńkì lè kọ̀ bí àìbìkítà oníbàárà bá kọjá ààlà, ṣùgbọ́n báńkì ló máa mú ẹ̀rí wá. Báńkì tó mọ̀ pé òun máa san nínú owó tó bá gba ọwọ́ òun kọjá á la ojú sílẹ̀ wo ẹni tó ń wá ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ òun. Ọmọ Bódìjà tó ń gbé ní Peckham ní Ìlú Ọba ní ààbò yìí. Nígbà tí ààbò náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ tó wà ní Bódìjà kò ní in, ohun tí a fún un dípò rẹ̀ ni ìwàásù lórí ojúkòkòrò.

Ìwàásù yẹn kò tilẹ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Ẹ má fi ìtàn dá wọn mọ̀. Ìtàn á máa yí padà: lónìí owó ìrànwọ́ ni, lọ́la NIN, lọ́tùn-únla ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀, nítorí ìyẹn kì í yí padà. Ẹni tó fẹ́ fi owó sínú àkáǹtì yín kò nílò ju orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì yín tó ní díjíìtì mẹ́wàá lọ. Kò fi nọ́ńbà káàdì ṣe nǹkan kan, kò fi PIN ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù, òun ni wọ́n fi ń mú owó jáde, wọn kì í fi í mú owó wọlé. Ẹni tó bá ní kí ẹ san díẹ̀ ná kí ẹ tó gba púpọ̀, tàbí kí ẹ ra káàdì ìpè fi ránṣẹ́, olè ni, ohun yòówù kó sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ó bá ní kí ẹ má gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ má sọ fún ọmọ yín, pé aago mẹ́rin ń bọ̀, ẹ ti mọ ẹni tó ń pè.

Ẹ gé ìpè náà. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn àgbà ní pàtàkì: kì í ṣe àrífín. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ kò ní bínú bí ẹ bá ní ẹ ó pe báńkì fúnra yín. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè, ẹ má pe èyí tó pè yín padà, kódà bí orúkọ báńkì bá hàn lójú fóònù. Kí ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, kó fi Yorùbá túmọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ OTP, èyí tí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn wà nínú rẹ̀, fún un, kó fi hàn án ibi tí ìkìlọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù kan tí èèyàn lè tẹ̀ lórí fóònù èyíkéyìí láti fi dí àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè tiyín lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó nílò rẹ̀, ẹ fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ìsọ̀. Àwọn báńkì ló yẹ kí wọ́n máa gbé èyí kiri inú ọjà, ní èdè ọjà, bí wọ́n ṣe ń gbé ìpolówó ẹ̀yáwó wọn kiri.

Bí ẹnì kan bá sì sáré wọlé tọ̀ yín wá lọ́la, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ní wọ́n pe òun, òun sì ti ka nọ́ńbà fún wọn, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ tẹ kóòdù náà. Ẹ pe báńkì, ẹ má sì gbé fóònù sílẹ̀ títí wọ́n á fi fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ kọ nọ́ńbà tó pè é sílẹ̀ àti aago tó pè, ẹ bá a dé tẹ́sàn ọlọ́pàá, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìbéèrè pé kí ló dé tó fi kà á fún wọn lè dúró títí báńkì á fi dí àkáǹtì tí owó náà wọ̀.